Ládàánì Tí Kò Lè Mí Kanlẹ̀

Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò Gàmbàrí rí kò ní bi mí pé ta ni Ládàánì Àbdùlgàfárù. Ọkọ mi ni. Òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí ìtòsí wa láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti dé ìdí máìkì, yóò fa èémí kan sínú, yóò sì tú "Allahu Akbar" jáde, yóò fà á, yóò tún fà á, títí ìwọ tó o wà lórí ẹní yóò fi máa bi ara rẹ pé ṣé ọkùnrin yìí kì í mí ni. Èmi ni ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀tù, tí mò ń ta wàrà díndín lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa. Ẹ má sì bínú pé mò ń pè é ní "ó". Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń pè é ní "ẹ". Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ nínú ìtàn tèmi.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń yìn ín níta kò mọ̀. Nílé, ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó níkà nínú, rárá o. Ládàánì ni, ó ń tọ́jú ohùn. Kì í mu omi tútù, kì í pariwo, kì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Tí mo bá bi í ní nǹkan, orí ló máa mì. Tí mo bá jà, á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ kan ìhà ara rẹ̀, á ní, "Ìhà tó wọ́." Ẹ̀yin náà ti gbọ́ wàásù yẹn, pé ìhà ni Ọlọ́run ti mú obìnrin jáde, pé ìhà sì wọ́, pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ nà án, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó ti dá ẹjọ́ mi. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ mi kó kún etí mi, sípíkà mọ́sáláṣí ni mo ti ń gbọ́ ọ, èmi àti gbogbo àdúgbò. Mo ti gba kámú. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, ó tó mi.

Ó ní òfin kan tó fi ń kọ́ àwọn tó bá wá kọ́ ìrun pípè lọ́dọ̀ rẹ̀: a kì í gé ìlà ìrun sí méjì. Tí èémí rẹ kò bá gbé ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fi máìkì sílẹ̀, lọ máa ta kúlíkúlí. Àìmọye ló lé lọ báyẹn. Habibullah nìkan ló dúró, ọmọkùnrin gíga kan tó ń ránṣọ, tí èémí rẹ̀ gùn.

Lẹ́yìn Mọ́lúdì tó kọjá, ọkọ mi lọ sin Màsúdát ọmọ wa wọ mọ́tò ní Ọ̀fà Garage. Ó ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà ni kẹ̀kẹ́ Maruwa kan já wọ iwájú wọn. Ọlọ́kadà yà, ó sì gbé ọkọ mi jù sétí gọ́tà. Ìhà òsì ló fi balẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un délé, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́, gbogbo èèyàn ń ṣe àlíhamúdù. Èmi wò ó, mo rí i pé ó ń mí kúkúrú kúkúrú. "Ẹ jókòó," mo ní. Ó ní, "Mi ò lè..." Ó sì dákẹ́ sí àárín ọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ kó gé ọ̀rọ̀ sí méjì rí.

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà ní eegun ìhà mẹ́ta ló sán. Wọ́n kọ oògùn ìrora fún un, wọ́n ní kó máa mí dáadáa, kó sì máa lọ sílé.

"Ẹ ò ní di nǹkan kan mọ́ wọn?" mo bi wọ́n.

Dókítà ní wọn kì í di nǹkan mọ́ ìhà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ ẹnikẹ́ni létí nílé wa. Ẹsẹ̀ ṣẹ́, wọ́n dì í. Apá ṣẹ́, wọ́n dì í. Ìhà mẹ́ta wá ṣẹ́, wọ́n ní kó máa mí. Irú ìwòsàn wo nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àlájà Rùkáyátù, ló gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Gbogbo obìnrin tó bá bímọ lágboolé wa, Àlájà ló ń fi omi gbígbóná jó o, Àlájà náà ló ń di ọ̀já mọ́ ọn nínú kí ikùn lè padà wọlé. Ọ̀já wọn kì í tú. Tèmi náà, àwọn ni wọ́n dì í, ikùn mi sì wọlé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ọsibítù ò di nǹkan kan ni wọ́n gbé ọ̀já dé, wọ́n ní kí àbúrò àwọn gbápá sókè. Wọ́n fi orúnkún ti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fa ọ̀já náà, wọ́n tún fà á, wọ́n wá ta á ní kókó.

"Ìhà tó sán, tó o bá ń mí sí i, kò ní so," wọ́n sọ fún un. "O ò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Máa mí díẹ̀díẹ̀."

Mo ní, "Àlájà, dókítà ní kí wọ́n máa mí dáadáa o."

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ìgbà wo lo dé ilé yìí?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Mo ti bímọ nílé yìí, mo ti rí ọmọ-ọmọ nílé yìí, ìyàwó ni mo ṣì ń jẹ́. Ọkọ mi jókòó sórí àga bí ìyá ìkókó, ọ̀já láti abẹ́ abíyá dé ìdodo, tọkùnrin tobìnrin agboolé ń wá kí i pé ó kú ewu. Kò lè tẹ̀, kò lè yí, ṣùgbọ́n ó ní ara tu òun díẹ̀, pé ìrora náà dínkù. Òótọ́ ni, ó dínkù. Ohun tí kò mì, kò lè dùnni.

Habibullah wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Ohùn ọmọ náà dára, mi ò lè bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Àsùbáà àkọ́kọ́ tó pè, mo jí, mò ń wá ọkọ mi nínú ohùn náà, mi ò rí i. Mo yíjú, mo rí i tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, àárò máa ń sọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá rìnrìn àjò. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Tí mo bá ń din wàrà lọ́wọ́, tó bá ku díẹ̀ kí Àláàsárì wọlé, ọwọ́ mi á dúró lórí epo gbígbóná. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ló máa pè é. Síbẹ̀, ọwọ́ mi á dúró. Jummai tó ń ta fúrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Ìyá Màsúdát, wàrà yín ń jóná o." N ó ní kó jẹ́ kó jóná.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ibà dé. Lẹ́yìn ibà, ikọ́. Ó fẹ́ wúkọ́, kò gbà láti wúkọ́, torí pé ikọ́ ń gún un níhà. Ńṣe ló ń gbé e mì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ fún un, ó fẹ́ dúpẹ́, kò rí èémí tó máa fi dúpẹ́. Mo wo ètè rẹ̀, ó ti ń dúdú. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo pe kẹ̀kẹ́ Maruwa, mo gbá ọkọ mi mú, a wọ̀ ọ́.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?" Àlájà pariwo láti ojú fèrèsé.

"Ibi tí wọ́n ti ń mí!" mo dá wọn lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jágbe mọ́ wọn láyé mi nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi.

Ní ọsibítù, kókó Àlájà kò ṣeé tú. Nọ́ọ̀sì mú àlùmọ́gàjí, ó gé e. Bí ọ̀já náà ṣe ṣubú, ojú ibi tó ti dì í hàn ketekete lára rẹ̀. Ọkọ mi mí, ó sì ké. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní omi ti gba abẹ́ ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ lápá òsì, ó sì ti ń di ọyún. Wọ́n fi rọ́bà bọ àárín ìhà rẹ̀, wọ́n fà á jáde. Mi ò lè ròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn fún yín. Mo ṣáà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mò ń wo àyà rẹ̀. Tó bá gbéra díẹ̀, n ó ní, "Àlíhamúdùlílááhì." Tó bá pẹ́ kó tó gbéra, n ó dìde dúró.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n rán Ummu Kulthum sí wa. Ọmọ Gàmbàrí náà ni, ọmọ Àlàájì kan tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Ipata. Físíò ni, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa lo ara rẹ̀ padà. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó bi wá lẹ́nu ọ̀rọ̀ ọ̀já, mo sì ro gbogbo rẹ̀. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fa korobá tí mo fi ń fọṣọ jáde, ó jẹ́ kí ọwọ́ korobá náà sùn sí ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá, ẹ wò ó. Báyìí ni ìhà wa ṣe wà. Méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn tó pọ̀ jù sì so mọ́ igbá àyà níwájú. Wọ́n kì í dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mí sínú, iṣan tó wà láàárín wọn á gbé wọn sókè." Ó gbé ọwọ́ korobá náà díẹ̀. "Ẹ rí i? Bó ṣe ń gòkè ló ń yà síta. Àyà á fẹ̀. Iṣan pẹrẹsẹ kan tún wà tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, òun náà á rẹlẹ̀. Àyè á wá ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóóró, afẹ́fẹ́ á sì wọlé fúnra rẹ̀. Àwa ò fà á. Ìhà ló ṣílẹ̀kùn fún un."

"Tí wọ́n bá wá fi ọ̀já dè é?" mo bèèrè.

"Ìlẹ̀kùn ò ṣí mọ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró tí afẹ́fẹ́ ò dé, ibẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń bà sí. Tẹ́ ẹ bá tún ń gbé ikọ́ mì, kò sọ́nà tó máa gbà jáde. Egungun ìhà máa so fúnra rẹ̀, Ìyá, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ń mí. Ó ti mọ̀ pé mímí ni iṣẹ́ òun."

Mo ní, "Ṣé torí pé ó wọ́ ló fi ń ṣe báyẹn?"

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Torí pé ó wọ́ náà ni. Ká ní ó tọ́ bí igi àjà ni, bó ti wù ká gbé e sókè tó, àyà ò ní fẹ̀."

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Ẹ gbọ́ ọ, àbí n ní kí wọ́n tún un sọ?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó fọwọ́ gbá ìhà mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, èmi náà bá a ṣe méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ mi fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Ó ní, "Ìrun... mo lè pè é?" Ummu Kulthum ò parọ́ fún un. Ó ní ẹ̀dọ̀fóóró òsì ti ní àpá, ìhà ibẹ̀ sì ti le. Ó ní, "A máa gba púpọ̀ padà, Bàbá. A ò ní gba gbogbo rẹ̀."

A délé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ wúkọ́, á gbá ìrọ̀rí mọ́ ìhà rẹ̀ kó má baà gún un, á wá wú u jáde dáadáa. Lẹ́yìn náà, èmi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ìhà rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, òun á máa fi èémí ti ọwọ́ mi síta. Èmi pẹ̀lú arúgbó ara mi! Láti ìgbà tá a ti fẹ́ra wa, mi ò tíì gbé ọwọ́ lé e báyẹn rí lójú ọ̀sán. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń lọ. Tòsì ò lọ. Mo ní, "Ẹ tì í." Ó tì í. Mo ní, "Ẹ tún un tì, àbí oúnjẹ mi ò kún yín ni?" Ó tún un tì, òógùn bò ó.

Àlájà wọlé bá wa nídìí ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o fẹ́ já ohun tó ti so?" Ojú mi ti là tán lọ́jọ́ náà. Mo gbé ọ̀já kan tó kù sílé, mo ní, "Àlájà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n dì í mọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe dì í mọ́ wọn. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ orin asalátù kan fún wa." Ẹ mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń ṣáájú orin ní asalátù wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń kọjá òpópónà. Wọ́n gbápá sókè torí pé wọn ò lè gbà kí ìyàwó fi àwọn ṣẹ̀sín. Mo fi orúnkún ti ẹ̀yìn wọn, mo fa ọ̀já náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wọn ò dé ìdajì ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Wọ́n wo àbúrò wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Tú u," wọ́n ní. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé ìrọ̀rí tuntun wá, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní èyí tí mò ń lò ti rí jágajàga. Ẹ̀bẹ̀ tàwọn nìyẹn, mo sì gbà á.

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. "Allahu Akbar" kọ́kọ́ jáde lódidi. Mo pariwo débi pé Jummai sá wọlé. Ṣùgbọ́n ìlà tó jẹ́rìí Ànábì, "Ash-hadu anna Muhammadan Rasulullah," ìyẹn ló ń bá a jà. Ó ń já sí orí "Muhammadan," á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òfin rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa ṣíwọ́, á ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ọwọ́ ló máa fi bèèrè omi. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní lè sọ̀rọ̀. Kò dùn mí. Mo ní kó ṣáà gba ohùn yẹn padà. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí n tún gbọ́ ọ nínú sípíkà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kún gbogbo àdúgbò, kí n sì mọ̀ pé ọkọ mi ti padà dé.

Oṣù ààwẹ̀ ń sún mọ́lé. Àlàájì Àbdùlkàdírì tó jẹ́ alága mọ́sáláṣí wá kí wa. Ó jókòó, ó mu omi, ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Níkẹyìn, ó ní ààwẹ̀ ò gbọdọ̀ wọlé bá mọ́sáláṣí láìsí ládàánì tí wọ́n wé láwàní oyè fún. Ó ní wọ́n máa wé e ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn kan ń dárúkọ Habibullah.

Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ Àlàmísì," ó ní, ó mí, "ẹ jẹ́ n pe... Àláàsárì. Lẹ́yìn náà... kẹ́ ẹ wá ṣe ìpinnu."

Àlàájì ní ó dáa. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sùn dáadáa, mi ò jẹun dáadáa. Àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń ṣe: Ọlọ́run Ọba, fún un ní ìlà kan yẹn.

Ọjọ́ Àlàmísì dé. Mi ò din wàrà lọ́jọ́ náà. Mo wé gèlè, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kọjú sí sípíkà bí ẹni tó ń retí àlejò. Jummai jókòó tì mí. Àlájà gbé àga tiwọn jáde. Sípíkà kọ́kọ́ dún kó-kó-kó, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń kan máìkì.

Lẹ́yìn náà, ohun tá a gbọ́ kì í ṣe ohùn. Èémí ni. Máìkì gbé e, ó tóbi, ó há, ó ń wọlé pẹ̀lú ariwo títí ó fi débi tó lè dé. Gbogbo òpópónà gbọ́ ọ. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ní, "Kí ló ń mí báyìí?" Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún un, ṣùgbọ́n ó sáré lọ.

"Allahu Akbar, Allahu Akbar."

Ohùn rẹ̀ ni. Ó ti tín-ín-rín, ó ti gbó, kò gùn mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Láàárín ìlà kan sí èkejì, èémí yẹn á tún dún, èyí tó ti ń bá ọwọ́ mi jà lójoojúmọ́, èyí tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí, ó sì tún dùn mọ́ mi, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ó dé ìlà Ànábì. "Ash-hadu anna Muhammadan..." Ó já.

Àlájà di ọwọ́ mi mú. Ó pẹ́, ó pẹ́, mo ti fẹ́ dìde máa sáré lọ. Ìgbà náà ni èémí náà tún wọlé, ó há, ó jinlẹ̀, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó sì gbé e lódidi láti "Ash-hadu" dé "Rasulullah." Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí ìrun ṣe rí. Kò tún já mọ́ títí ó fi parí. Mo sunkún bí ọmọdé. Àlájà ń nu ojú tèmi, wọn ò nu tiwọn. Mo dìde, mo jó, mo ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mu fúrá lọ́rùn mi.

Lẹ́yìn ìrun, ó ń bọ̀ wálé, Habibullah ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó gbé ẹní ìrun rẹ̀ dání. Mo kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, Ládàánì!" Ó mi orí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó dúró kí èémí rẹ̀ balẹ̀.

"Mo ti ní kí wọ́n wé láwàní... fún Habibullah," ó ní.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo ní, "Kí lẹ ṣe? Lẹ́yìn gbogbo ìrọ̀rí yẹn? Lẹ́yìn tí ọwọ́ mi ti wú? Ẹ pè é, ó pé! Mo gbọ́ ọ, gbogbo ayé gbọ́ ọ! Ṣé torí pé ó já lẹ́ẹ̀kan ni?"

"Kì í ṣe torí ìyẹn." Ó mí. "Mo fẹ́ kó pé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sì pé."

"Kí ló wá dé?"

Ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ mi òsì, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, ọkọ mi tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èémí tó kù lára mi... kò tó ibi méjì. Ọjọ́ tí mo bá pe ìrun... mi ò lè bá ọ sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. O rí i fúnra rẹ. Gbogbo èyí tí mo ní nígbà tó pọ̀... ìta ni mo ná an sí." Ó mí. "Èyí tó kù yìí, Àbẹ̀kẹ́, tìẹ ni."

Àbẹ̀kẹ́! Oríkì mi ni. Ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi rántí rẹ̀. Inú bí mi, inú mi dùn, sípíkà yẹn ṣì ń wù mí, ó ń wù mí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ jà, mi ò rí ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi ló ń sọ, ní ilé bàbá mi, aṣọ tí mo wọ̀, ohun tí mo fi bú u. Mo ní irọ́ ni, mi ò bú u. Ó ní mo bú òun, ó fẹ́ sọ èébú náà, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró," ó ní, "jẹ́ n mí ná."

Mo dúró.